Ọ̀dùnkún Mẹ́ta Nínú Abọ́

Òjò kì í dá ní erékùṣù wa.
Ó ń rọ̀ sórí páànù, ó ń rọ̀ sínú òkun,
ó ń rọ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ sí Castro
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fún ọdún mẹ́rin.
Mo gbé Nayadet mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀,
wákàtí méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀,
nítorí ogún ìṣẹ́jú lórí ẹní rọ́bà.

Wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.
Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ igbe ọmọ mi,
mò ń ka bíríkì funfun tó wà lára ògiri:
igba ó lé mọ́kànlá. N kò ṣì í kà rí.
Wọn a ṣílẹ̀kùn, wọn a fún mi ní ìwé:
kò lè jókòó, kò lè di nǹkan mú, kò lè sọ̀rọ̀.
Kò lè, kò lè,
bí ẹni pé èmi tí mo bí i ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, afẹ́fẹ́ ń jà, Ximena kan ilẹ̀kùn.
Ó bọ́ bàtà rọ́bà ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
ó jókòó sílẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá.
Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.
Ó ní: kí ló máa ń pa Nayadet lẹ́rìn-ín?
Ó ní: kí lẹ̀yin fẹ́, nínú ilé yìí?

Ilé pa lọ́lọ́.
Eleuterio, ọkọ mi, apẹja tí kì í là ẹnu níwájú ẹni tó mú gègé dání,
ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: mo fẹ́ kó bá wa jókòó jẹun.
Kì í ṣe lórí itan ẹnikẹ́ni. Kó jókòó.
Hortelinda, ìyá ọkọ mi, ní: kó bá mi fọ ọ̀dùnkún.
Ó kàn mí. Mo ní: oorun.
Ojú tì mí. Ximena kò rẹ́rìn-ín.
Ó kọ oorun sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.

Pákó sípírẹ́sì tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀
ni Eleuterio fi kan àga, irun àgùntàn ló fi tẹ́ ẹ.
Ohun tí wọ́n ní ọmọ kò lè ṣe,
Ximena ní kò le tó bẹ́ẹ̀:
abọ́ omi, ọ̀dùnkún mẹ́ta, àti sùúrù.
Àwọn aládùúgbò ní ẹni tó bí i ni yóò pọ̀n ọ́n;
ó ní a ó jọ pọ̀n ọ́n ni.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.
Bí aago márùn-ún bá lù, ọkọ̀ a fọn fèrè, Ximena a lọ,
èmi àti òru a ṣẹ́kù.
Ìwẹ̀ di ẹ̀kọ́, ìbọ̀sẹ̀ di ẹ̀kọ́, ṣíbí ọbẹ̀ di ẹ̀kọ́.
Wọ́n ní: ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín jù.
Òótọ́ ni. Òótọ́ náà wúwo bí àwọ̀n tó mumi.
Mo bi í léèrè: ọjọ́ wo ni n ó tún jẹ́ ìyá lásán?
Ó wo ìwé rẹ̀ títí,
ó fa igi lé méjì nínú iṣẹ́ márùn-ún.
Yasmina ará Quellón sọ pé tiwọn náà ń béèrè,
ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì.

Lánàá, òjò ń rọ̀, bó ṣe ń rọ̀.
Nayadet wà lórí àga rẹ̀, orí tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún.
Ọwọ́ wọ omi. Ọwọ́ pẹ́ nínú omi.
Nígbà tó jáde, ọ̀dùnkún kan wà nínú rẹ̀,
ó sì jù ú nù.
Ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ sítóófù, ajá gbé e sá.
Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín.
Ó tẹjú mọ́ abọ́.
Ó ku méjì.